Owó Orí Ló Kọ́ Ilé-Ìwé Ọ̀fẹ́

Bí ẹ bá tan rédíò ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Abẹ́òkúta lówùúrọ̀, tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìlú tí kò rọgbọ, ìdáhùn kan náà ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu olóṣèlú, lẹ́nu ọ̀jọ̀gbọ́n, àti lẹ́nu ẹni tó pè wọlé láti Ìsẹ́yìn: ẹ jẹ́ ká padà sí ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn. Wọ́n á ní nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn ń dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́, a ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́, a ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú gbogbo Áfíríkà, a kọ́ pápá ìṣeré Liberty, a kọ́ Ilé Kòkó. Wọ́n á ní Abuja ló já gbogbo rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wa, pé lọ́jọ́ tí Abuja bá yọwọ́, ohun gbogbo á padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára débi pé ẹni tó bá jiyàn rẹ̀, wọ́n á ní ọ̀tá Yorùbá ni.

Ọmọ Yorùbá ni mí, mo sì ń jiyàn rẹ̀.

Mi ò gbè sẹ́yìn Abuja o. Nínú owó tó ń wọ àpò àpapọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo fún àwọn ìpínlẹ̀ elépo, ìjọba àpapọ̀ nìkan ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ 36 ń pín 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń pín 20.60. Gómìnà tí wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ rẹ̀, bó bá pàṣẹ fún ọ̀gá ọlọ́pàá, onítọ̀hún lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ti Abuja. Èyí burú, ó sì yẹ ká tún un tò. Èyí tí mo ń bá jà ni èrò pé ààlà tí wọ́n fà sórí àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà ló kọ́ ilé-ìwé fún wa láyé ọjọ́un. Owó àwọn bàbá wa ló kọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ń san án, inú bí wọn sí i, wọ́n fi ìbò na ìjọba nítorí rẹ̀, ìjọba sì ní láti fi iṣẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ibi tí a kì í sọ dé nínú ìtàn náà nìyẹn.

Ní 1952, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, Action Group, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àlééfà ní Ìwọ̀-Oòrùn ni, lábẹ́ òfin Macpherson tó fún ilé aṣòfin ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lágbára láti ṣòfin. Ọdún yẹn ni Olóyè S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá kalẹ̀ pé láti 1955, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ta ni yóò san owó olùkọ́? Ta ni yóò ra páànù, ta ni yóò ra ṣọ́ọ̀kì? Kò sí ìpín owó oṣooṣù bíi ti òní tí wọ́n á máa retí. Ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣe ni pé ó bu owó lé owó orí, ṣílè 10 àti sísì kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń san án, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Lónìí a lè fojú tín-ín-rín iye yẹn. Lójú àgbẹ̀ ayé ìgbà náà, owó gidi ni, pàápàá nígbà tí ìjọba tó ń gbà á tún fẹ́ mú ọmọ tó ń bá a dáko lọ sí kíláàsì.

Ariwo sọ. Àwọn Alákùkọ, NCNC, gbé ọ̀rọ̀ owó náà sórí, wọ́n ń gbé e kiri ìlú. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ní 1954, nínú àga 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC mú 23, Ọlọ́pẹ mú 18. Nílé ara wọn! Olóṣèlú mìíràn ì bá yáa fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kó ní aráàlú ò fẹ́ ni. Wọn ò fi sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1955, ilẹ̀kùn ilé-ìwé ṣí. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 450,000 lọ lọ́dún tó ṣáájú, wá lé ní 800,000. Àwọn tó fi ìbò sọ̀kò ní 1954 rí ọmọ tiwọn tó ń gbé síléètì jáde láàárọ̀. Nígbà tí ìbò ilé aṣòfin ẹkùn dé ní 1956, Ọlọ́pẹ mú àga 48 nínú 80.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí àwọn ọdún wọ̀nyẹn díẹ̀. Ìjọba gba owó, aráàlú bínú, ìjọba ṣiṣẹ́, aráàlú sì tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ẹni tó san ṣílè mẹ́wàá àti sísì ní Ìkìrun mọ ohun tí òun san, ó mọ ẹni tó gbà á, ó sì mọ ọ̀nà tí òun lè gbà fi ìyà jẹ ẹni náà. Àjọṣe yìí ló bí ilé-ìwé ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ ìjọba ẹkùn lásán ni, ẹkùn mẹ́ta ló wà lábẹ́ òfin kan náà. Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1957. Wọn ò tíì wá owó rẹ̀ délẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 1958 wọ́n ti ń dá owó ilé-ìwé padà fún àwọn kíláàsì òkè, àwọn ìyá sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn. Àríwá ò tilẹ̀ dáwọ́ lé e. Òfin ilẹ̀ kan náà, agbára kan náà, ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí yàtọ̀ pátápátá.

Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ. Wọ́n á ní kòkó ló gbé Ìwọ̀-Oòrùn ró, pé owó orí kéré sí ti kòkó. Òótọ́ ni pé owó kòkó pọ̀ ju owó orí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí owó kòkó náà ṣe dé àpò ìjọba. Àgbẹ̀ ní Ìdànrè á ṣá kòkó rẹ̀, á sá a, á dì í sápò, á gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàtà kòkó tó gba láísẹ́ńsì. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fún un ní iye tí Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ti kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Bí wọ́n bá rà á jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òkè òkun, èlé orí rẹ̀ di ti Bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá Bọ́ọ̀dù sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n á máa fi owó yẹn dúró de ọdún tí ọjà kòkó bá já, kí àgbẹ̀ má baà ṣubú. Láti 1954 tí Bọ́ọ̀dù ti di ti ẹkùn, owó ìpamọ́ àgbẹ̀ di owó ìjọba. Owó orí ni, wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni, àgbẹ̀ náà kò sì mọ̀ pé òun ń san án.

Nítorí pé kò mọ̀, kò béèrè. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker darí tú àkọsílẹ̀ Bọ́ọ̀dù wò. Ó rí i pé owó ńláńlá ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ National Investment and Properties Company, tí àwọn ènìyàn ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ín, tí ẹgbẹ́ sì ti ibẹ̀ ń rí owó ná. Òṣèlú wà nínú ìwádìí náà, mi ò ní í purọ́. Ìjọba àpapọ̀ tó ń wá ọ̀nà láti fọ́ Ọlọ́pẹ ló gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀ owó àgbẹ̀ náà lọ. Ìjọba kan náà, àwọn olórí kan náà: owó orí tí aráàlú ń fojú rí, wọ́n fi ṣiṣẹ́ tí gbogbo ayé rí, owó tí aráàlú ò mọ̀ pé tòun ni, apá kan rẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ. Èyí ni ẹ̀kọ́ tó yẹ ká kọ́ lára Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, òun la sì kọ̀ tí a ò kọ́.

Ìgbà tí ọjà kòkó já, tí ológun wà lórí oyè, tí kò sí ilé aṣòfin tí àgbẹ̀ lè fi ìbò bá wí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi akódà àti ọlọ́pàá gba owó orí. Àgbẹ̀ béèrè títì oko, kò rí i. Ogun Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ló bá a dé, ẹ̀mí sì ṣòfò kí wọ́n tó já owó orí náà wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Ẹni tó bá ń ṣàárò Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, kó ṣàárò rẹ̀ tòun ti èyí.

Ní báyìí, ẹ bá mi wo owó tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wa ń ná lónìí. Lóṣooṣù, kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná àti olùṣírò owó àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á lọ jókòó ní Abuja, ìgbìmọ̀ FAAC á pín owó, kálukú á mú tirẹ̀ relé. Ta ló san owó náà? Epo tó jáde láti Niger Delta ló san púpọ̀ nínú rẹ̀, owó orí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì wà níbẹ̀, VAT náà wà níbẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà kò mọ ìgbà tí òun san kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Owó Bọ́ọ̀dù ló tún padà dé yìí, orúkọ ló yí, ó sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àgbẹ̀ kòkó ayé ọjọ́un ṣáà wà láàárín wa, wọ́n ń bá a pàdé lójú ọ̀nà oko.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó ò wọlé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó tí FAAC ń pín ti gbéra sókè. Àjọ NEITI ṣírò rẹ̀ pé 15.26 tírílíọ̀nù náírà ni wọ́n pín ní 2024, èyí tó fi 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti 2023 lọ. Ẹ̀yin tó ń ra lítà epo ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye tí ẹ ń rà á tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ san án. Kí ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò yín rí nínú rẹ̀? Ẹ lọ wo òrùlé rẹ̀. Ẹ lọ ka olùkọ́ tó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí tilẹ̀ ń dùn mí jù. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sílẹ̀, kí àjọ UBEC máa pín in fún ìpínlẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ ṣe ni kó kó iye kan náà sílẹ̀ láti àpò tirẹ̀. Ọdọọdún ni UBEC ń kígbe pé bílíọ̀nù lórí bílíọ̀nù náírà wà nílẹ̀ tí àwọn ìpínlẹ̀ kò wá gbà, nítorí wọn ò mú ìdajì tiwọn wá. Abuja gbé owó kalẹ̀, ó ní ẹ mú tiyín wá ká jọ kọ́ ilé-ìwé, gómìnà ò yọjú. Kò sí aráàlú tó fi ìbò bá a wí lórí rẹ̀, torí wọn ò mọ̀ pé owó àwọn ni.

Àwọn kan á ní bí a bá so ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ di ẹkùn kan, agbára á pọ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n bá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990, òun la wá mọ̀ sí LAUTECH. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní 1991, àwọn méjèèjì jọ ni ín. Ìyá kan náà, èdè kan náà, ọ̀nà tí kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Òṣogbo. Kàkà kí wọ́n jọ gbọ́ bùkátà ọmọ, ẹjọ́ ni wọ́n ń rò: Ọ̀yọ́ á ní Ọ̀ṣun jẹ gbèsè, Ọ̀ṣun á ní kí Ọ̀yọ́ mú àkọsílẹ̀ wá. Láti 2016 bọ́ sí 2017, owó oṣù olùkọ́ ò jáde, iléèwé wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó jáde wà nílé, àwọn tó ń ta oúnjẹ, tó ń fi ọ̀kadà kérò, tó yá owó kọ́ ilé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń wo géètì. Ní oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n pín in: Ọ̀yọ́ mú yunifásítì, ó di tirẹ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ méjì tí kò lè jọ bọ́ yunifásítì kan, kí ni a fẹ́ fi so mẹ́fà pọ̀ tí wọ́n á fi jọ bọ́ gbogbo ilé-ìwé Yorùbá?

Agbára tí a ní à ń tọrọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà láti 1978. Owó orí òṣìṣẹ́, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á. Ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn, títì ìpínlẹ̀, omi, ọ̀gbìn, tiwọn ni. Ní oṣù Kẹta 2023, àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa fi iná mànàmáná àti ọkọ̀ ojú irin sáàárín ohun tí ìpínlẹ̀ lè dáwọ́ lé, kódà Èkìtì, Òndó, Ọ̀yọ́ àti Èkó ti gba àṣẹ láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn. Láti oṣù Kìíní 2026, òfin owó orí tuntun gbé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ nínú VAT láti 50 lọ sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì já ti ìjọba àpapọ̀ wálẹ̀ láti 15 sí 10. Ilẹ̀kùn ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ní kí wọ́n ṣí i ò tíì wọlé.

Ká wá ní wọ́n fún wa ní ẹkùn, kí kálukú jẹ ohun tó ti ilẹ̀ rẹ̀ jáde. Kí ni yóò ti tiwa jáde? Epo tó wà ní Ìlàjẹ kò lè bọ́ ìpínlẹ̀ mẹ́fà. Kòkó ńkọ́? Wọ́n ti tú Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ká láti 1986, àgbẹ̀ ń tà á fún ẹni tó wù ú. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, àgbẹ̀ Òndó fojú ara rẹ̀ rí owó. Ta ló máa lọ sọ fún un pé kó dá a padà fún Bọ́ọ̀dù? VAT ńkọ́? Èkó ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Bí a bá ní kálukú gbọ́dọ̀ jẹ tirẹ̀, Èkìtì àti Ọ̀ṣun ni ebi yóò kọ́kọ́ pa. Bí a bá sì ní kí Èkó máa bu fún wọn, Ìbàdàn ti di Abuja tuntun nìyẹn, Èkó á sì máa ké bí a ṣe ń ké báyìí. Kò sẹ́ni tó ń sọ èyí lórí rédíò. Ìlú Èkó kò tilẹ̀ sí nínú Ìwọ̀-Oòrùn tí à ń ṣàárò; wọ́n ti mú un kúrò níbẹ̀ láti 1954.

Bí mo bá dárúkọ owó orí, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé tálákà pọ̀, pé ẹni tí kò tíì jẹun kò lè san. Ẹ bá mi dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá tó kó ata àti tòmátì wọ́jà, kó tó tú agbọ̀n kan, awakọ̀ ti yọ owó agbèrò tó san lójú ọ̀nà lára rẹ̀. Ó san owó alábàárù. Ó san owó ilẹ̀ tó gbé igbá lé. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì káńsù, ó san owó ìgbálẹ̀, ó san owó ọlọ́dẹ. Tó bá délé, á ra omi nínú kẹ́ẹ̀gì torí ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbẹ, á dá owó fijilanté àdúgbò, á dá owó táńsífọ́mà tó jó. Gbogbo ìyẹn, owó orí ni. Ó ń san án lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò sì sí ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bọ́ ìjọba, kò sì sí ẹni tó lè mú níbi ìbò nítorí rẹ̀. Ní ìdàkejì, òṣìṣẹ́ ìjọba ni owó orí ń rí mú, torí wọ́n ti yọ ọ́ kí owó oṣù tó dọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́rin mẹ́ta sí GRA, tó ń gba owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ó lè máà san kọ́bọ̀ títí yóò fi kú.

Ohun tí mo ń béèrè kò ni ìyá aláta lára. Kí wọ́n palẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún mọ́, kó san ẹyọ kan, kó gba rìsíìtì, kó mọ ibi tó ń lọ. Kí wọ́n lọ bá onílé GRA. Kí wọ́n lọ bá olówó tó ń fi orúkọ ọmọ àti ìyàwó ra ilẹ̀. Gómìnà ń bẹ̀rù èyí, torí olówó wọ̀nyẹn ló gbé owó ìbò kalẹ̀, FAAC sì ń jẹ́ kó lè máa bẹ̀rù wọn lọ láìsí wàhálà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú tó ń gba owó orí àti èyí tó ń retí Abuja, a ti fojú rí i nílẹ̀ Yorùbá. Ní 2004, Ààrẹ Obasanjo gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó nítorí pé Èkó dá káńsù 37 kún àwọn tó wà nílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ààrẹ ò lágbára láti dá owó náà dúró, síbẹ̀ ó pẹ́ kó tó jáde. Èkó kò wó, torí ó ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá àti èbúté wà níbẹ̀, mi ò sì sọ pé àkọsílẹ̀ Èkó mọ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo já ní 2015, ààbọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà l'Ọ́ṣun fún ọdún bíi mélòó kan. Ní 2025, owó káńsù Ọ̀ṣun tún há sí Abuja nítorí ìjà APC àti PDP lórí ta ni alága. Ẹni tó ń dúró de oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì, kò lè bá a jiyàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló wà ní Glasgow àti Aberdeen lónìí, wọ́n á jẹ́ mi lẹ́rìí. Ilé aṣòfin Scotland ṣí ní 1999, fún ọ̀pọ̀ ọdún owó tó ń ti London wá ló gbé e ró jù. Láti 2017 ló ti ń gbé iye owó orí tirẹ̀ kalẹ̀ lórí owó oṣù. Ẹni tó rí já jẹ níbẹ̀ ń san ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní England lọ, ọmọ ibẹ̀ sì ń lọ sí yunifásítì ibẹ̀ láìsan owó ilé-ìwé. Wọ́n ń jà lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, wọ́n ń bínú, wọ́n ń ka bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìlà dé ìlà. Ìjà yẹn gan-an ni ìjọba tó súnmọ́ni.

Ní tiwa níbí, ìrètí òfo tí wọ́n gbé ka ẹkùn náà ni wọ́n ń gbé ka ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó káńsù máa lọ tààrà, kí gómìnà yé gbé ọwọ́ lé e. Ìdájọ́ tó tọ́ ni, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ san owó náà fún? Ní Ọ̀yọ́ ní 2024, PDP tó wà lórí oyè mú gbogbo káńsù 33. Ní Ògùn lọ́dún kan náà, APC tó wà lórí oyè mú gbogbo 20. Ní Òndó ní oṣù Kìíní 2025, APC tó wà lórí oyè mú gbogbo 18. Alága tó mọ̀ pé gómìnà ló fi òun sípò, bí ẹ bá já owó náà sí ọwọ́ rẹ̀ tààrà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e padà lọ fún gómìnà. Ohun tó tún Ọlọ́pẹ ṣe láàárín 1954 sí 1956 ni pé wọ́n lè fìdí rẹmi. Alága káńsù wa kò lè fìdí rẹmi, kí ni yóò mú un bẹ̀rù wa?

Ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: àkọsílẹ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ètò kan tí Báńkì Àgbáyé fi owó tì lẹ́yìn láti 2018 sí 2022 ló mú kí wọ́n máa gbé e síta, tòun ti ìròyìn ohun tí wọ́n ná ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ gbé e sórí fóònù yín. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo iye tó jáde. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa, àwọn ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Àìkú, ẹ lè fi ìpàdé kan ka ìwé yìí papọ̀.

Bí ìbò 2027 bá ń bọ̀, wọ́n á wá bá yín pẹ̀lú fìlà Awólọ́wọ̀ lórí àti dígí rẹ̀ lójú, wọ́n á ní ẹ dìbò fún àwọn ká lè padà sí ìjọba ẹkùn. Ẹ bi wọ́n: ta ni yóò san owó rẹ̀, èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san, níbo ni a ó ti rí àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà wo ni a ó sì fi yọ yín bí ẹ bá jẹ ẹ́? Ẹ bi ẹni tó ti wà lórí oyè léèrè iye tirẹ̀ tó wà nílẹ̀ ní UBEC. Ẹni tí kò bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má dìbò fún un, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín.